Ipa Tí Oògùn Àtọ̀gbẹ Oníhóró Ń Kó Lórí Họ́mọ̀nù Inú Ọ̀rá Ara: Àlàyé fún Àwùjọ Rẹ́mọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ipa tí àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tí à ń gbé mì ń kó lórí họ́mọ̀nù tí ọ̀rá ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ohun tó mú wa yan kókó-ọ̀rọ̀ yìí láàyò ni pé ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, sísanra àti rírù ni aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ fi ń díwọ̀n oògùn. A fi hàn pé bí ọ̀rá ṣe pọ̀ tó lára ènìyàn yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí ọ̀rá náà ń rán sí ẹ̀dọ̀, ẹran ara àti ọpọlọ. Oògùn kan lè fi kún ọ̀rá kí ó sì tún iṣẹ́ tó ń rán ṣe. Òmíràn lè fi kún un láìtún ohunkóhun ṣe. Metformin, glibenclamide àti pioglitazone ni àlàyé wa dá lé lórí jù. Olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti aláìsàn tó lè ka Yorùbá ni a kọ ọ́ fún.

Ìfáárà

Orúkọ àìsàn a máa darí ojú tí àwùjọ fi ń wò ó. Àtọ̀gbẹ ni Yorùbá ń pe àìsàn tí à ń sọ yìí. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni a ó bá nínú rẹ̀, tọ̀ àti gbẹ: aláìsàn ń tọ̀, ara rẹ̀ sì ń gbẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí èèrà tó máa ń ṣù bo ibi tí aláìsàn bá tọ̀ sí. Orúkọ kejì yìí ń sọ nípa ohun tó wà nínú ìtọ̀. Ti àkọ́kọ́ ń sọ nípa ara tó ń joro, òun ló sì fìdí múlẹ̀ jù lọ́kàn ènìyàn. Ìdí nìyí tí ìbẹ̀rù àtọ̀gbẹ fi jẹ́ ìbẹ̀rù rírù láàárín wa. Bí ẹni tó ní i bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì kún padà, ará ilé a yọ̀ pé oògùn náà ti ṣiṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ló tún rù sí i díẹ̀, wọn a ní oògùn òyìnbó ń jẹ ẹ́ lára, ẹlòmíràn a sì gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pa á tì. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ló ti tẹ̀lé irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀.

Ìdájọ́ yìí bá ohun tí ojú ń rí mu, ṣùgbọ́n kì í sábà bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara mu. Oríṣi àtọ̀gbẹ méjì ló gbajúmọ̀ jù. Ní oríṣi kìn-ín-ní, ẹ̀yà ara tí à ń pè ní pánkíríásì, tó wà lẹ́yìn àpòlúkù, kò lè ṣe ínsúlínì mọ́. Ẹni tó ní i a máa joro kíákíá, abẹ́rẹ́ ínsúlínì sì ni ìtọ́jú rẹ̀. Òun ni orúkọ náà, àtọ̀gbẹ, bá mu jù. Ní oríṣi kejì, ínsúlínì wà, ó tilẹ̀ lè pọ̀ ju bó ti yẹ lọ níbẹ̀rẹ̀ àìsàn, ṣùgbọ́n ara ti kọ etí ikún sí i. Ìkọtíikún sí ínsúlínì ni a ó máa pe ipò yìí nínú iṣẹ́ yìí. Ó ju ènìyàn 90 lọ nínú ọgọ́rùn-ún alátọ̀gbẹ lágbàáyé tó jẹ́ pé oríṣi kejì ni tiwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì rù rárá nígbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn yìí ni wọ́n ń lo oògùn oníhóró.

Iye wọn ń pọ̀ sí i. Nínú ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà lórí àwọn àìsàn tí kì í ràn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. O. Akinkugbe darí, tí àbọ̀ rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1997, ìdá 2.2 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Ní ọdún 2018, Uloko àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, wọ́n sì rí i pé iye náà ti di 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí kẹta wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Ní ọdún 1997 kan náà, Cooper, Rotimi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi àwọn ènìyàn dúdú tó wà ní Nàìjíríà wé àwọn tó wà ní erékùṣù Karibíà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ní Nàìjíríà, 9 ní Karibíà, 11 ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìran tó tan mọ́ra ni gbogbo wọn. Bí ara ṣe ń wúwo sí i láti ibùdó kan dé òmíràn ni àtọ̀gbẹ ń pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ oríṣi kejì kò ṣeé sọ láìdárúkọ ọ̀rá.

Ọ̀rá ń rán iṣẹ́

Tẹ́lẹ̀ rí, ojú àká ni àwọn onímọ̀ fi ń wo ọ̀rá: ibi tí ara ń kó oúnjẹ tó ṣẹ́kù pa mọ́ sí di ọjọ́ ìyàn. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n apá kan òtítọ́ ni. Ẹni tó bá mọ òwò obì gbànja ní Sábó, Ṣágámù, yóò tètè lóye apá kejì. Oníṣòwò tó kó obì sínú ilé ìpamọ́ kì í kàn jókòó tì í. Ó ń ránṣẹ́. Yóò ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Òkè-Ọya pé ọjà ti kún tàbí pé ó ti ń tán. Yóò ránṣẹ́ sí àwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n má kó wá mọ́ tàbí kí wọ́n yára. Bí iṣẹ́ tó rán bá ṣì lọ́nà, àgbẹ̀ yóò máa kó obì wá sí ilé tó ti kún àkúnya, obì yóò sì máa jẹrà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rá ara rí. Ibi ìpamọ́ ni, ó sì tún ń rán iṣẹ́ nípasẹ̀ àwọn kẹ́míkà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn kẹ́míkà wọ̀nyí ni à ń pè ní họ́mọ̀nù.

Èyí tó kọ́kọ́ ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu jù ni lẹ́pítínì. Ọdún 1994 ni Jeffrey Friedman àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller, New York, kéde àbùdá tó ń ṣe é. Eku kan ni wọ́n ti rí i, irú eku tó máa ń jẹun láìmọ ìgbà tó yó, tó sì máa ń sanra kọjá ààlà. Àṣé àìní lẹ́pítínì ló ń ṣe é. Láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí tínrín ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Iṣẹ́ tí lẹ́pítínì ń jẹ́ fún ọpọlọ kò ju èyí lọ: oúnjẹ wà nílé, má ṣe wá sí i. Bí ọ̀rá bá ṣe pọ̀ tó ni lẹ́pítínì inú ẹ̀jẹ̀ ń pọ̀ tó, ti obìnrin a sì máa ju ti ọkùnrin lọ. A lè wá bi ara wa pé, kí ló dé tí ẹni tó sanra kò fi dẹ́kun jíjẹ nígbà tí lẹ́pítínì rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ìdáhùn ni pé bí a bá ń kígbe kan náà sí ènìyàn létí lójoojúmọ́, etí rẹ̀ a di sí i. Ọpọlọ ẹni tó sanra ti kọ etí ikún sí lẹ́pítínì, bí ẹran ara rẹ̀ ti kọ ọ́ sí ínsúlínì.

Adipónẹ́kítínì ni èkejì. Láàárín ọdún 1995 sí 1996 ni àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti Jàpáànù ṣàwárí rẹ̀, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ju lẹ́pítínì lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Iṣẹ́ rere ló ń jẹ́: ó ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kí ó dín ṣúgà tó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kù, ó ń sọ fún ẹran ara pé kí ó jó ọ̀rá rẹ̀ dànù, ó sì ń jẹ́ kí méjèèjì gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu. Ohun tó ṣòro lóye nípa rẹ̀ ni pé bí ọ̀rá ṣe ń pọ̀ sí i ni òun ń dín kù. Ọ̀rá tó ti kún jù a máa dákẹ́ iṣẹ́ rere yìí, a sì máa tú àwọn kẹ́míkà tó ń ru ara sókè jáde dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni TNF-alpha, tí Hotamisligil àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 1993 pé ó ń mú ara eku kọ etí ikún sí ínsúlínì. Resistin náà wà, tí a rí ní ọdún 2001, ṣùgbọ́n ti eku ni ìtàn rẹ̀ bá mu jù. Nínú ènìyàn, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà a kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé e lórí.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé ọ̀rá kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìlú mẹ́tàlá ló para pọ̀ di Ṣágámù ní ọdún 1872. Àlejò tó bá gba títì márosẹ̀ kọjá a rò pé ìlú kan ni, ṣùgbọ́n onílé mọ ibi tí Mákùn parí sí àti ibi tí Òfin ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá abẹ́ awọ, ti itan àti ìdí, yàtọ̀ sí ọ̀rá inú ikùn tó yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká. Ti ikùn ló léwu jù. Nítorí náà, ènìyàn méjì tí òṣùwọ̀n fún ní iye kan náà lè má wà nínú ewu kan náà.

Oògùn tó ń ti ínsúlínì jáde

A ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú glibenclamide, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Daonil, nítorí pé òun ló bá ìrònú àwọn ará ilé mu jù, òun náà ló sì tètè ń tàn wọ́n jẹ. Ìdílé oògùn tó ti wá ni à ń pè ní sulfonylurea. Èèṣì ni a fi rí wọn. Ní ọdún 1942, ní ìlú Montpellier ní ilẹ̀ Faransé, Marcel Janbon ń fi oògùn kan tọ́jú àwọn tó ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ó sì ṣàkíyèsí pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń já wálẹ̀. Auguste Loubatières ló wá ṣàlàyé pé pánkíríásì ni oògùn náà ń bá wí. Ó ń tì í pé kí ó tú ínsúlínì jáde, yálà onítọ̀hún jẹun tàbí kò jẹun.

Kí ni èyí ń ṣe sí ọ̀rá? Ínsúlínì ni alágbàṣe tó ń kó ẹrù wọ inú àká. Bí ó bá pọ̀ sí i, ọ̀rá yóò pọ̀ sí i. Nínú ìwádìí ńlá tí a ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UKPDS, tí àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1998, àwọn tó lo glibenclamide fi kìlógíráàmù 1.7 wúwo ju àwọn tó kọ́kọ́ gbára lé oúnjẹ nìkan lọ. Ti àwọn tó gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì tó 4.0. Lẹ́pítínì a máa pọ̀ sí i tẹ̀lé ọ̀rá náà. Ní ti adipónẹ́kítínì, glibenclamide kì í sábà fi kún un. Glimepiride, àbúrò rẹ̀, ni àwọn olùwádìí kan sọ pé ó ń gbé e sókè, ṣùgbọ́n èsì wọn kò ṣọ̀kan.

Ìyẹn ni pé ṣúgà wálẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún, ará ilé yọ̀, ọ̀rá sì ń rán iṣẹ́ tó ń rán tẹ́lẹ̀ náà. Èyí kò sọ glibenclamide di oògùn burúkú. Ó ń dín ṣúgà kù gidigidi, owó rẹ̀ kò pọ̀, UKPDS sì fi hàn pé dídín ṣúgà kù bẹ́ẹ̀ ń dáàbò bo ojú àti kíndìnrín. Ohun tí à ń sọ ni pé ìsanra tó ń mú wá kì í ṣe ẹ̀rí ìwòsàn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ: nítorí pé oògùn yìí ń ti ínsúlínì jáde láìbìkítà bóyá oúnjẹ wà nínú, ẹni tó bá lò ó tí kò jẹun lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí ó làágùn, kí ó dákú. Àjọ Ìlera Àgbáyé kò fọwọ́ sí i fún ẹni tó ti ju ọdún 60 lọ. Gliclazide ni wọ́n yàn dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà tó ń gbààwẹ̀, ìbáà ṣe ti Ràmàdáànì tàbí ti Lẹ́ńtì, pọ̀ ní Rẹ́mọ, wọ́n sì lè rò pé oògùn kò ba ààwẹ̀ jẹ́ bí wọ́n bá gbé e mì kí ilẹ̀ tó mọ́.

Oògùn tó ń ṣe iṣẹ́ adipónẹ́kítínì láìrán adipónẹ́kítínì

Metformin, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Glucophage, ni oògùn tí dókítà sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Láti ara ewéko kan ní Yúróòpù, Galega officinalis, ni ìmọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Jean Sterne ní ilẹ̀ Faransé ló kọ́kọ́ tẹ èsì lílo rẹ̀ fún alátọ̀gbẹ jáde, ní ọdún 1957. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń fi oògùn òyìnbó wé àgbo wa rántí pé ewé ni èyí náà kí ó tó di hóró.

Ẹ̀dọ̀ ni metformin ń bá ṣiṣẹ́ jù. Ó ń dá ẹ̀dọ̀ lẹ́kun kí ó má máa tú ṣúgà jáde lóru àti láàárọ̀. Lára ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ni pé ó ń jí énsáímù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ AMPK. Énsáímù kan náà yìí ni adipónẹ́kítínì ń jí bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ dé ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara. Nítorí náà, a lè sọ pé metformin ń kan ilẹ̀kùn tí adipónẹ́kítínì ń kàn, láìjẹ́ pé ó rán adipónẹ́kítínì níṣẹ́. Nígbà tí a bá wá wọn adipónẹ́kítínì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo metformin, ọ̀pọ̀ ìwádìí ni kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́. Àwọn mìíràn rí àfikún kékeré. Lẹ́pítínì ni ó sábà ń lọ sílẹ̀, ní pàtàkì lára ẹni tó bá fọ́n díẹ̀.

Kí ló ń mú wọn fọ́n? Fún ìgbà pípẹ́, àlàyé tó wà ni pé inú tó ń run wọ́n ni kò jẹ́ kí wọ́n lè jẹun. Ní nǹkan bí ọdún 2019 sí 2020 ni àwọn olùwádìí fi hàn pé metformin ń mú kí họ́mọ̀nù kan, GDF15, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ìfun àti kíndìnrín ló ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jáde, kì í ṣe ọ̀rá. Ó ń lọ bá ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ó sì ń dín ìfẹ́ oúnjẹ kù. Rírù díẹ̀ tí ará ilé ń rí, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé oògùn ń jẹ aláìsàn lára, ọ̀nà kan ni oògùn náà fi ń ṣiṣẹ́. Nínú UKPDS, àwọn tó sanra tí wọ́n lo metformin ni ikú àti ìjàm̀bá ọkàn dín kù láàárín wọn. Ẹni tó bá pa á tì nítorí pé àwọn ọ̀rẹ́ ní ó ti rù, ó pa ohun tó ń gbà á là tì. A kò sọ pé kí a fojú fo rírù tó pọ̀ lójijì, èyí tí òùngbẹ àti ìtọ̀ àtọ̀túntọ̀ bá bá rìn: ìyẹn ni àtọ̀gbẹ fúnra rẹ̀, ó sì yẹ kí a sáré lọ sí ilé-ìwòsàn. Bákan náà, metformin kò yẹ ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an. Kí a jẹun kí a tó lò ó ló ń dín inú rírun kù.

Oògùn tó wọ inú ọ̀rá fúnra rẹ̀

Pioglitazone ni ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti le jù, òun ló sì jẹ́ kí a kọ iṣẹ́ yìí. Àwọn oògùn méjì tí a ti mẹ́nu bà ń kan ọ̀rá láti ẹ̀yìn òde. Èyí wọlé. Nínú ọkàn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ni olùgbàṣẹ kan wà tí à ń pè ní PPAR-gamma. Ní ọdún 1995 ni a mọ̀ pé òun gan-an ni irú oògùn yìí ń dì mọ́. Nígbà tí ó bá dì mọ́ ọn, àwọn àbùdá kan á jí, sẹ́ẹ̀lì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe adipónẹ́kítínì. Iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ a máa di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta. Kò sí oògùn àtọ̀gbẹ oníhóró mìíràn tó ń ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ó tún ń ṣe ohun kejì. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tuntun, kéékèèké, yọ lábẹ́ awọ, kí ọ̀rá tó ti ya wọ inú ẹ̀dọ̀ àti ẹran ara lè rí ibòmíràn gbé. Bí ẹni pé oníṣòwò wa kọ́ ilé ìpamọ́ tuntun fún obì tó ti ń jẹrà lójú títì. Ẹ̀dọ̀ á fúyẹ́, ara á tún gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ara aláìsàn á wúwo sí i ní kìlógíráàmù méjì sí mẹ́rin: apá kan rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, apá kan jẹ́ omi. Níhìn-ín ni ìsanra àti iṣẹ́ rere ti ọ̀rá ti pàdé. Ẹni tó sanra lórí glibenclamide àti ẹni tó sanra lórí pioglitazone lè jọ ara wọn bí ìbejì lójú ẹni tó ń kí wọn, síbẹ̀ ohun tí ọ̀rá àwọn méjèèjì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé, ó tán, kí gbogbo alátọ̀gbẹ máa lo pioglitazone. Ìtàn ìdílé oògùn yìí kò gbà bẹ́ẹ̀. Troglitazone, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́ dé ojú ikú, wọ́n sì kó o kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2000. Rosiglitazone gbé adipónẹ́kítínì sókè dáadáa; síbẹ̀, ní ọdún 2007 ni àkójọ ìwádìí kan fi ẹ̀sùn àrùn ọkàn kàn án, Yúróòpù sì dá títà rẹ̀ dúró ní ọdún 2010. Pioglitazone fúnra rẹ̀ kò yẹ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, nítorí omi tó ń kó sí ara. Ó lè mú kí egungun obìnrin tètè kán. Ilẹ̀ Faransé sì dá lílo rẹ̀ dúró ní ọdún 2011 nítorí ìfura jẹjẹrẹ àpò-ìtọ̀. Ní èrò tiwa, ẹ̀kọ́ tó ṣe kókó jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ni ti rosiglitazone: họ́mọ̀nù lè dára sí i nínú ẹ̀jẹ̀ kí ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ náà má sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Adipónẹ́kítínì kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀.

Àwọn tó dé lẹ́yìn

Ìdílé méjì mìíràn ti wọ ọjà láti ọdún 2006. Sitagliptin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá énsáímù DPP-4 dúró, kí àwọn họ́mọ̀nù ìfun tó ń pe ínsúlínì lè pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Wọn kì í mú ni sanra, wọn kì í mú ni rù. Ipa wọn lórí adipónẹ́kítínì kéré. Dapagliflozin àti empagliflozin ni ìdílé kejì, tiwọn sì dùn ún gbọ́ létí Yorùbá. Ńṣe ni wọ́n ń sọ fún kíndìnrín pé kí ó jẹ́ kí ṣúgà bá ìtọ̀ jáde. Ìtọ̀ ṣúgà tí à ń sá fún di ìtọ́jú! Ara á fúyẹ́ díẹ̀, lẹ́pítínì á lọ sílẹ̀, adipónẹ́kítínì á gòkè díẹ̀, ọkàn àti kíndìnrín á sì rí ààbò tó dájú. Owó wọn ni kò jẹ́ kí wọ́n tí ì kárí.

Lílo ìmọ̀ yìí ní Rẹ́mọ

Ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjì ló wà ní àyíká wa, ti Yunifásítì Olabisi Onabanjo ní Ṣágámù àti ti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́. Ẹnikẹ́ni má ṣe lọ síbẹ̀ lọ béèrè pé kí wọ́n wọn lẹ́pítínì òun. Ayẹ̀wò olùwádìí ni, kì í ṣe ohun tí dókítà fi ń yan oògùn. Ohun tí aláìsàn lè fi mọ bí ọ̀rá rẹ̀ ṣe ń ṣe wà nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ: téèpù tí aránṣọ fi ń wọn ara. Bí ìbàdí ọkùnrin bá tó sẹ̀ǹtímítà 94, tàbí ti obìnrin bá tó 80, ọ̀rá inú ikùn ti pọ̀ jù. Kí a wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ iye ṣúgà òwúrọ̀, èyí tó jẹ́ pé bí ó bá ti tó 126 kí a tó jẹun, tí a sì tún un wò tó rí bákan náà, àtọ̀gbẹ ni. Bí ìbàdí bá ń fẹ̀ tí ṣúgà sì ń wálẹ̀, ó yẹ kí a bi dókítà léèrè irú oògùn tí a ń lò. Bí ẹsẹ̀ bá ń wú lórí pioglitazone, kí a má ṣe pè é ní ìsanra. Omi ni, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ti ń rẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ àti ebìrìpò kì í ṣe ọ̀tá. Bí a ṣe ń bù ú, iye epo inú rẹ̀ àti jíjẹ ẹ́ lálẹ́ kí a sì sùn lé e lórí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní ti ewúro, ìwádìí lára ẹranko fi hàn pé ó lè dín ṣúgà kù, èyí gan-an ló sì fi yẹ kí ẹni tó ń mu omi rẹ̀ pọ̀ mọ́ glibenclamide sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí ṣúgà lè já wálẹ̀ jù.

Ohun tó ń dùn wá jù ni oògùn àyáwọ̀. Ìyá kan á rí i pé oògùn aládùúgbò òun ti mú un sanra, á sì gba hóró mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ glibenclamide, tí ìyá náà sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó gbé e mì láàárọ̀ tó sì forí lé ọjà Awólọ́wọ̀ láìjẹun, ọ̀sán kò ní pọ́n kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn tó wà nítòsí á ní ọ̀tá ló ṣe é. Ṣúgà lẹ́nu àti omi ọsàn ni ó nílò ní wéréwéré, bí ó bá ṣì lè gbé e mì. Bí kò bá lè gbé e mì, kí wọ́n má rọ ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù, kí wọ́n sì mú páálí oògùn náà dání.